Ọkọ Kan, Aya Kan

Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin tí ó bá fẹ́ aya mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í fi í pamọ́. Oko gbòòrò, ọwọ́ tí yóò ro ó kò tó, ikú sì ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn, ìyáálé fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìyàwó fún ọkọ, kí iṣẹ́ ilé lè fúyẹ́. Ẹni tí ó bá ń bú àwọn baba ńlá nítorí èyí kò mọ ìṣòro tí wọ́n bá pàdé.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi àṣà yìí gbèjà ara wọn lónìí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ dé ọjọ́ tí baálé bá kú. Ọkùnrin kan kú ní Èkó láìkọ ìwé ìpíngún. Aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni ó fi sílẹ̀. Àwọn kan ní ìdí-igi ni kí a fi pín ogún náà, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Àwọn yòókù ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ náà kò parí títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ìdí-igi ni ó borí. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá kan bí lè gba iye tí ọmọ mẹ́rin ìyá mìíràn yóò jọ pín. Baba kan náà ni ó sì bí gbogbo wọn!

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù yọ̀ǹda aya mẹ́rin, ṣùgbọ́n Kùránì pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá bẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe déédéé láàárín wọn, kí ó fẹ́ ẹyọ kan. Ọkùnrin mélòó ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun lè ṣe é?

Èyí tí ó burú jù kì í tilẹ̀ ṣe ti olóbìnrin púpọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ti ọkọ alárédè ni. Láti ìgbà òfin ìgbéyàwó Èkó ti ọdún 1884, ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí ti jẹ́jẹ̀ẹ́ aya kan. Ìwé òfin ọ̀daràn ní gúúsù Nàìjíríà sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá tún gbé ìyàwó mìíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì tú. Síbẹ̀, àwọn kan ń gba ilé fún obìnrin mìíràn ní ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n sì ń jókòó ti aya wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iyì alárédè ni wọ́n fẹ́, ìgbádùn olóbìnrin púpọ̀ ni wọ́n sì fẹ́.

Ìgbéyàwó ẹni méjì ni ó yẹ ayé ìsinsìnyí, tí owó ilé-ìwé ọmọ ti wọ́n ju ọkọ́ lọ. Ọkùnrin tí kò bá lè gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún obìnrin náà àti àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n tó gba ìdána. Ọjọ́ ìsìnkú kọ́ ni ó yẹ kí aya ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ mẹ́ta nínú aṣọ ọ̀fọ̀, tí ojú wọn jọ ti ọkọ rẹ̀, tí ìyá wọn sì dúró lẹ́yìn wọn, tí òun pàápàá kò mọ̀ pé ẹnìkan ti wà nílé ṣáájú òun.