Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lórí Òkè: Táńkì Ló Yẹ Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá ń gbé Ìgbẹ̀ìn ní Abẹ́òkúta kò ní í pẹ́ kó tó dá ohùn típà tó fẹ́ kú lórí òkè mọ̀. Agbára ẹ́ńjìnì á máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ á já jíà sílẹ̀ dé ẹyọ àkọ́kọ́, ọmọ ọkọ̀ á sì ti bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń há táyà kí ẹ́ńjìnì tó dákẹ́ pátápátá. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀, á tún jí. Á rìn dé òkè tó kàn, á tún kú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan á ti sọ fún olówó ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnì ti gbó, àfi kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, owó kékeré sì kọ́ ni ó ń gbọ́n lọ lápò àwọn onílọ́rì ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ wà nínú táńkì, wọ́n ń lọ wá a nínú ẹ́ńjìnì.

Mercedes-Benz 911 ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ wọ̀nyí. Ọdún pípẹ́ ni ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu fi ń to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes jọ, èyí tí wọ́n sì ń kó wọlé ní tòkunbọ̀ kò níye. Ẹ́ńjìnì tó gbajúmọ̀ jù nínú 911 ni OM 352, tó jáde ní 1964: sìlíńdà 6, lítà 5.7. Kò ní pílọ́ọ̀gì, kò ní kọ̀ǹpútà. Bí bátìrì bá ti lè fi kíìkì jí i, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí iná mànàmáná rárá, torí pé ìlànà tí Rudolf Diesel fi hàn ní Jámánì ní 1897 náà ni ó ń tẹ̀ lé: a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná gan-an, a wá tu epo lé e, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Epo tó mọ́, afẹ́fẹ́ tó tó àti ìfúnpọ̀ tó lágbára ni gbogbo ohun tó ń béèrè.

Ibi tó yẹ kí ìrònú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìfúnpọ̀ ló ti tán, tí rínǹgì àti písítìnì ti jẹ, òwúrọ̀ kùtù tí ara ẹ́ńjìnì tutù ni yóò ti máa yọ wọ́n lẹ́nu, èéfín á sì máa rú. Ọkọ̀ tó jí wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀, tó rìn dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́, tó kú lórí òkè, tó tún jí lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú mélòó kan, ebi epo ló ń pa á. Orí òkè ni ẹ́ńjìnì ti ń béèrè epo jù, ibẹ̀ náà ni àìtó rẹ̀ ti ń hàn.

Kí mẹkáníìkì tó mú sípánà, ó yẹ kó bi awakọ̀ bí ọkọ̀ náà ṣe kú. Bó bá rọra kú, ọ̀nà epo ni kó tọ̀. Bó bá kú lójijì bí ìgbà tí ẹnì kan pa á, wáyà tí wọ́n ń fà láti pa ẹ́ńjìnì ni kó yẹ̀ wò. Ó lè há sí ìdajì ọ̀nà. Nínú àwọn ọkọ̀ tí iná ń pa, wáyà iná tó ti dẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀. Ìbéèrè yìí kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bi í kò pọ̀ rárá.

Ẹni tó bá yẹ ẹnu táńkì ọ̀pọ̀ lọ́rì wò yóò rí i pé ìdérí gidi ti sọnù tipẹ́. Nílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi bò ó, tí wọ́n sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù táyà dè é pinpin. Ìdérí gidi ní ọ̀nà tóóró kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tó ń jáde. Nílọ́ọ̀nù kò ní in. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fa epo, tí afẹ́fẹ́ kò sì rọ́nà wọlé, fífà náà á máa le sí i fún pọ́ńpù, títí epo kò fi ní í wá mọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi dúró lórí òkè, afẹ́fẹ́ á ti rọra yọ́ wọlé lábẹ́ rọ́bà, ẹ́ńjìnì á jí, gbogbo wọn á sì gbà pé ìsinmi ló wò ó sàn. Kí wọ́n tú nílọ́ọ̀nù náà ní kété tí ọkọ̀ bá kú. Bí wọ́n bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ fà wọlé, “fùùù”, tí ọkọ̀ sì jí lójú ẹsẹ̀, wọ́n ti rí i nìyẹn. Àwọn tó ń fi àkísà dí i kò sàn jù wọ́n lọ, torí òwú àkísà ń já sínú epo, ó sì ń lọ dí ẹnu ọ̀pá tí epo ń gbà jáde.

Omi náà ń bẹ. Ní 2022, Àjọ Ìṣirò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, NBS, kéde pé lítà dísù tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí ₦288 ní oṣù kìíní ti di nǹkan bí ₦817 nígbà tí ọdún fi parí. Látìgbà náà ni ríra epo díẹ̀díẹ̀ ti di àṣà fún ọ̀pọ̀ awakọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń ra ti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. Táńkì tí kì í kún ń la òógùn nínú lóru, omi á kán sínú epo, á sì lọ jókòó sísàlẹ̀ torí pé ó wúwo ju dísù lọ. Níbi tí omi àti dísù ti pàdé, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ń hù níbẹ̀, wọ́n ń di nǹkan dúdú tó ń yọ̀, òun ló sì ń dí fílítà. Táńkì àtijọ́ tó ti dípẹtà tún ń fi tirẹ̀ kún un. Fílítà tuntun tí wọ́n fi sí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìfọ táńkì, kò ní í pẹ́ tí yóò fi tún dí.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń wọnú epo ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jù. Awakọ̀ á búra pé họ́ọ̀sì òun kò jò, pé ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ. Òótọ́ ló sọ, kò sì tíì wẹ họ́ọ̀sì náà mọ́. Láti táńkì dé ibi pọ́ńpù kékeré tó ń fa epo wá fún ẹ́ńjìnì, fífà ni wọ́n ń fa epo, wọn kì í tì í. Ojú ibi tó bá lu níbẹ̀ kò ní í da epo síta, afẹ́fẹ́ ló máa gbé mì, gẹ́gẹ́ bí sítírọ́ọ̀ tó ti sán ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ sí ẹni tó ń fi í mu mínírà lẹ́nu. Kí wọ́n fi họ́ọ̀sì funfun tí ojú lè rí inú rẹ̀ rọ́pò ti dúdú fún ìgbà díẹ̀, hóró afẹ́fẹ́ á máa kọjá lójú wọn kòrókòró.

Àyẹ̀wò tó ń parí àríyànjiyàn ni ti kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á da dísù tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n á so ó mọ́ ibi tó dúró dáadáa, wọ́n á yọ họ́ọ̀sì táńkì kúrò lára pọ́ńpù kékeré, wọ́n á sì fi họ́ọ̀sì tuntun fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á dẹ nọ́ọ̀tì orí fílítà, wọ́n á máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ńpù títí epo tí ń hó fi máa dá ṣáká, wọ́n á sì dè é padà. Kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà lọ sórí òkè tó ti ń kú. Bí kò bá kú mọ́, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnì. Bó bá ṣì ń kú, kí wọ́n pààrọ̀ fílítà, kí wọ́n sì wo pọ́ńpù kékeré.

Àwọn típà tó ń kó òkúta láti àwọn ibi ìfọ́kúta ní Ọ̀dẹ́dá tún ní ìṣòro tiwọn. Eruku ibẹ̀ ń dí fílítà afẹ́fẹ́, èéfín dúdú kìjikìji ni ó sì fi ń sọ̀rọ̀.

Pọ́ńpù ńlá tó ń pín epo fún sìlíńdà lè jẹ́ arúfin lóòótọ́. Tó bá ti jẹ nínú, ooru á sọ epo di fẹ́lẹ́, epo á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ọkọ̀ tó kú nígbà tó gbóná kò sì ní í fẹ́ jí àfi tó bá tutù. Àwọn awakọ̀ àgbà mọ èyí: wọ́n á fi àkísà tútù lé pọ́ńpù, bí ọkọ̀ bá sì jí, wọ́n á mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Àmọ́ ìparí ìwádìí ló yẹ kí wọ́n ti kàn án. Iye tí wọ́n ń gbà láti tún un ṣe, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ fi ń dùbúlẹ̀, ló ń sọ elòmíràn di onígbèsè.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ẹ́ńjìnì ló ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fún bíréèkì ní afẹ́fẹ́. Bó bá kú lórí òkè, ìyókù tó wà nínú àgbá afẹ́fẹ́ ni awakọ̀ ní, bí ó bá sì ṣe ń tẹ bíréèkì ni ó ń dín kù. Àwọn ará Abẹ́òkúta kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó ní June 28, 2018, nígbà tí tánkà epo kan sọ ìjánu nù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: ó kéré tán, èèyàn 9 kú, ọkọ̀ tó ju 50 lọ sì jóná. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ilé àti ìsọ̀ sì wà lẹ́bàá ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí àwọn tó ń dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró máa wo ìwé nìkan. Kí wọ́n ní kí awakọ̀ ṣí ẹnu táńkì, kí wọ́n sì dá ọkọ̀ tó fi nílọ́ọ̀nù ṣe ìdérí padà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá èyí tí táyà rẹ̀ ti dán padà. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, náà lè fi àyẹ̀wò kẹ́ẹ̀gì sí ara ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe lójú àwọn ọ̀gá kó tó gba fírídọ́ọ̀mù. Ní ti olówó ọkọ̀, kí ó ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí awakọ̀ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fílítà àti ọjọ́ tí wọ́n tú omi ìsàlẹ̀ táńkì dànù síbẹ̀, kó sì máa bèèrè ìwé náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kó tó gba owó ọ̀sẹ̀.