Irin Yìí Dán, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Jọ̀lọ̀?

Lédè wa, ohun tó ń kọ mọ̀nà dán. Ohun tó jọ̀lọ̀ lábẹ́ ọwọ́ náà dán. Lára irin, ọ̀tọ̀ ni ìkínní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

Ẹ wo inú síléńdà ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, wọ́n á fi òkúta ha ìlà wẹ́wẹ́ tó ń dábùú ara wọn sí i, kí ọ́ìlì lè ríbi fara pamọ́ sí. Bó bá jọ̀lọ̀ jù, ọ́ìlì kò ní dúró. Bó bá rí gbágungbàgun jù, yóò jẹ ríìngì písítìnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á fa ìlà la àárín òkè àti kòtò ibẹ̀, wọ́n á wo bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí i tó, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba. Èyí ni Ra. Máíkírómítà ni wọ́n fi ń kà á, 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan.

Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu dáyámọ́ńdì ni wọ́n sábà máa ń wọ́ lórí irin. Kò yàtọ̀ sí èékánná mẹkáníìkì, àfi pé ó mú ju èékánná lọ. Ṣùgbọ́n ipa ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀, ó sì lè ha alumíníọ̀mù.

Ìmọ́lẹ̀ kì í fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́, òkè á ju òjìji sínú kòtò, kámẹ́rà á ya á, kọ̀ǹpútà á sì wo bí dúdú àti funfun ṣe pín síra. Ó yá, kò wọ́n. Àmọ́ dídán ni kámẹ́rà rí, kò rí gíga. Bí iná bá sún díẹ̀, èsì á yí padà. Àfi kí ẹ kọ́kọ́ fi irin irú kan náà, tí abẹ́rẹ́ ti wọ̀n, kọ́ ọ.

Èyí tó rí gíga gan-an ni ẹ̀rọ tó ń la ìmọ́lẹ̀ funfun sí méjì, ọgbọ́n tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Albert Michelson lò ní Jámánì lọ́dún 1881. Apá kan lọ sára dígí, apá kejì lọ sára irin. Níbi tí ìrìn méjèèjì bá ti dọ́gba, ìlà dúdú àti funfun á yọ. Bí lẹ́ǹsì ṣe ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan á sọ gíga tirẹ̀, kódà èyí tó kéré sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún máíkírómítà. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ilẹ̀ mì rárá, ẹ má gbé e sítòsí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin.

Ní tèmi, kámẹ́rà ni kó dúró ti ẹ̀rọ, kó máa ṣa irin tó bá fura sí. Kí wọ́n gbé ìyẹn lọ sábẹ́ ẹ̀rọ Michelson. Kí ẹ sì nu ọ́ìlì kúrò lára irin kí ẹ tó ya á.