Windows 10 ti dópin: ṣé ká da kọ̀ǹpútà àtijọ́ nù ni, àbí ká tún un ṣe?

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò kú o. Yóò ṣì máa tàn, yóò ṣì máa tẹ̀wé. Ṣùgbọ́n bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá wa dí i mọ́. Àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò àfikún ni Microsoft ṣèlérí fún pé òun yóò máa dí i fún di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Kí ló kan Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ nínú èyí? Ó kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ní iléèwé àti lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò wa, àlòkù tó ti òkè òkun dé ni. Windows 11 tó rọ́pò Windows 10 kì í sì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì fẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ jù. Nínú ti Intel, ìran kẹjọ tó jáde lọ́dún 2017 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n. Díẹ̀ báyìí ló gbà nínú èyí tó ṣáájú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan fi di ohun tí wọ́n ń kó jáde ní ọ́fíìsì Yúróòpù. A rò pé púpọ̀ nínú wọn yóò gba èbúté Kútọnu àti Lomé wọlé.

Lójú tiwa, ọjà rere lè wà nínú rẹ̀, ìdọ̀tí sì lè wà nínú rẹ̀. Owó ẹni tó ń rà á ló máa fọhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjà rere. Ohun tó sábà máa ń mú kọ̀ǹpútà ọlọ́dún mẹ́wàá rìn bí ìgbín ni díìskì rẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ rẹ̀. Díìskì àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú. Èyí tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí, ó sì yára jù ú lọ fíìfíì. Bí ẹ̀rọ náà bá ń lo okùn SATA, SSD oníwọ̀n íǹṣì méjì ààbọ̀ yóò wọlé síbẹ̀. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ra.

RAM ló tẹ̀ lé e, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. 4 GB ti há. 8 GB tó fún ìṣirò ọjà, lẹ́tà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ DDR3 kò lè wọ ihò DDR4, ti orí tábìlì kò sì lè wọ ti àgbéléwọ́. Ẹ mú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín dání lọ sọ́jà. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ń ṣìnà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ iná rẹ̀, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú rẹ̀ ló ti kú. Owó kékeré ni. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbọn eruku inú fáànù, kí wọ́n sì fi ìpara tuntun tó ń gbé ooru kúrò sórí ọpọlọ ẹ̀rọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó àtúnṣe bá ti ń súnmọ́ iye tí ẹ lè fi ra àlòkù tó dé lẹ́yìn 2017, ẹ dúró. Èyí tó ṣì ń lo DDR2, a ò gbà yín nímọ̀ràn láti náwó lé e lórí.

Ní ti ètò tí ẹ máa fi sínú rẹ̀, Linux Mint àti Debian kò gbówó, wọ́n sì ń rí àtúnṣe gbà. Ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ USB dán an wò kẹ́ ẹ tó pa ohun tó wà nínú díìskì rẹ́. Ṣùgbọ́n Debian 13 tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ti pa ẹ̀rọ oníbíìtì 32 tì, torí náà ẹ wá oníbíìtì 64. Bí ẹ bá ní ètò ìṣirò tó jẹ́ pé Windows nìkan ló mọ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ṣí kúrò.

Ìdọ̀tí wá ńkọ́? Ìròyìn àjọ UN sọ pé gbogbo ayé da ohun èlò oníná tó tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù nù lọ́dún 2022. Ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n kó bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, àdéhùn Basel sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi irú ìdọ̀tí yìí ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láìjẹ́ pé ìyẹn ti kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sára àpótí pé ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, ó lè gba ibẹ̀ yọ. Nígbà tí kò bá tàn mọ́, abẹ́ ilé wa ló máa kú sí, àwọn ọmọ tó ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ ló sì máa fa èéfín rẹ̀ símú.

Nítorí náà, ẹnu ìtajà gan-an ni òfin yìí ti máa múlẹ̀ tàbí kó túká. Ẹ má sanwó fún ẹ̀rọ tí ẹ kò rí kó tàn fún ìdajì wákàtí. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kó tó tàn. Ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ tì pa lè di òkúta lọ́wọ́ yín. Bí oníbàárà mẹ́wàá bá kọ ẹ̀rọ tí kò tàn, ẹni tó ń kó o wọlé yóò yí ọwọ́ padà.

Ọwọ́ tó mọ àtúnṣe kò wọ́n wa. Ní WoeLab ní Lomé, lọ́dún 2013, Afate Gnikou fi àwọn ohun tí wọ́n ti dà nù kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ́múùnù àti àwọn ọ̀gá iléèwé ni pé, nígbà tí wọ́n bá ń ra kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ya owó SSD, RAM àti ti ẹni tó máa tò ó sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ sàn fún àwọn ọmọ wa ju ogún tí wọ́n fi aṣọ bò lọ.