Kí Ọ̀jọ́ àti Ìbà Má Baà Dà bí Ìta Tinúbú

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, ọ̀rọ̀ tí a ní bá yín sọ kò ṣeé fi falẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2, Okokomaiko ni ìjọba sì fi ṣe òpin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò. Ibi tí rélùwéè bá dé, owó ilẹ̀ a máa fò sókè. Nígbà náà, agbo ilé àwọn Àwórì tí àwọn baba yín tẹ̀dó ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ yọjú sí.

Ẹ wo ohun tí ojú àwọn ará Èkó ti rí. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ LEDB, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, bẹ̀rẹ̀ ètò láti wó àárín gbùngbùn Èkó; wọ́n ní ìdọ̀tí pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá tí ń pàtẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà, àwọn ọmọ ìyá tí ń gbé agbo ilé kan náà sì fọ́n ká. Òfin ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní òyìnbó ti lọ. Ó dára. Ní Ìta Tinúbú ni ilé Àgùdà kan wà tí a ń pè ní Ilojo, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855. Ní 1956 ni a kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀, kì í sì í ṣe òyìnbó ni ó wó o.

Nítorí náà, kí a kọ orúkọ ilé kan sínú ìwé ìjọba kò tó. Àdúgbò lódindi ni kí òfin ìtò ìlú dáàbò bò: bí ilé yóò ti ga tó, ibi tí ṣọ́ọ̀bù yóò wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òfin ìtò ìlú fún ará ìlú láyè láti rí ètò kí a tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ̀wé tako o. Àwọn olówó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní agbẹjọ́rò.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Ní Bahia, níbi tí ọ̀pọ̀ Àgùdà wa ti wá, wọ́n tún Pelourinho ṣe lẹ́yìn ọdún 1990, ó dán gbinrin, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ jáde. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni à ń béèrè. Ayálégbé, oníṣòwò Alábà àti akẹ́kọ̀ọ́ LASU, ará àdúgbò ni gbogbo wọn.

Kí Ọlọ́jọ́ àti Oníbà pe onílé àti ayálégbé jọ nísinsìnyí, kí wọ́n rin àdúgbò já, kí wọ́n ya ààfin, ojúbọ, ọjà àti etí odò sórí ìwé, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìtò ìlú ní Aláúsá, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti mú un wá.