Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Èdè Yorùbá Lórí "Let" àti "Allow"

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe NCE pọ̀, gbólóhùn kan kì í pẹ́ yọjú nínú ìwé iṣẹ́ wọn: "He was let to go." Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fi pẹ́ńsùlù pupa wọ́ ọ lulẹ̀, á kọ "allowed" sókè rẹ̀, á sì sọ pé èdè abínibí ló ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Àtúnṣe náà tọ̀nà. Ẹ̀sùn tí ó tẹ̀ lé e ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá lè sọ ìdí rẹ̀.

"Let", "allow" àti "permit" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ìyọ̀ǹda ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ wọn súnmọ́ra, ṣùgbọ́n ìlò wọn yàtọ̀. A lè sọ pé "The principal allowed the students to go." Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ di páásíìfù, èyíinì ni kí àbọ̀ bọ́ sí ipò olùwà, a ó ní "The students were allowed to go." Bákan náà ni "permit" ṣe ń ṣe. "Let" kì í fẹ́ "to" lẹ́yìn àbọ̀ rẹ̀: "The principal let the students go." Nígbà tí a bá fẹ́ yí èyí padà, ọ̀nà dí. Àwọn tí wọ́n ni èdè náà gan-an a máa pa "let" tì, wọn a sì yá "allowed" lò.

Níbo wá ni "was let to go" ti wá? Inú Gẹ̀ẹ́sì náà ni. "Make" pẹ̀lú kì í gba "to" nínú gbólóhùn lásán: "They made him wait." Ṣùgbọ́n bí ó bá di páásíìfù, "to" á padà wọlé: "He was made to wait." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ èyí, tí ó sì rí i pé ìrìn kan náà ni "make" àti "let" ń rìn, fi ọ̀kan wé èkejì ni. Àṣìṣe onílàákàyè ni. Ìdánrawò inú àwọn ìwé gírámà àtijọ́ tún dá kún un, èyí tí ó ní kí a yí "Open the door" sí "Let the door be opened", tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń rò pé ọ̀rẹ́ páásíìfù ni "let". Bẹ́ẹ̀ "open" ni a yí padà níbẹ̀, "let" kò kúrò ní ipò rẹ̀. (Ta ni í sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ nínú ilé?)

Yorùbá kò ní ọwọ́ nínú èyí. Nínú "Ọ̀gá jẹ́ kí ó lọ", olùwà "lọ" ni "ó" jẹ́, kì í ṣe àbọ̀ "jẹ́". Nínú "Ọ̀gá gbà á láàyè", àbọ̀ ni "á". Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àfiwé lè sọ pé "jẹ́ kí" jọ "let", "gbà láàyè" sì jọ "allow". Àfiwé náà wúlò fún ìrántí, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má fi í ṣe àlàyé, nítorí "him" tí ó ń tẹ̀ lé "let" kì í ṣe "he".

Ibi tí Yorùbá ti ń fa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ gan-an kò gba pẹ́ńsùlù pupa púpọ̀, nítorí pé gírámà rẹ̀ kò ní àléébù. Ibẹ̀ ni "They allowed him to repeat the examination", nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni tí a ti dárúkọ tẹ́lẹ̀ tí "they" lè dúró fún. "Wọ́n gbà á láàyè láti tún ìdánwò náà ṣe" ni ó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé. "Wọ́n" yìí kò tọ́ka sí ènìyàn kan pàtó. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi páásíìfù ṣe ni Yorùbá ń fi í ṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fi "a" ṣe é nígbà mìíràn. Irú rẹ̀ ni "They are calling you" tí ọmọ ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ìyá wọn nìkan ló ń pè. Níbẹ̀, "wọ́n" ọ̀wọ̀ ni. Ìgbà tí a bá fi "wọ́n" méjèèjì yìí han akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò tó mọ ìgbà tí "He was allowed" yẹ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ "My mother allowed him."

Ìpalára apá kejì ni ó burú jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, àti àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́ mìíràn, ti gbà pé aláìní ni Yorùbá nítorí pé kò ní páásíìfù, wọ́n sì ń dá a sílẹ̀ fúnra wọn: "Ó di ẹni tí a gbà láàyè láti ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé." Bí a bá mọ̀ pé ọ̀gá ni, kí ló dé tí a kò fi wí pé "Ọ̀gá ilé-ìwé gbà á láàyè"? "Láti ọwọ́" dára lẹ́yìn ìwé, níwájú orúkọ òǹkọ̀wé. "Smoking is not allowed here" náà ti di "Mímu sìgá kò jẹ́ gbígbà láàyè níbí", nígbà tí "A kò gbọdọ̀ mu sìgá níbí" wà nílẹ̀, tí kò tilẹ̀ ní kí a wá ẹni tí ó ń gbani láàyè kiri.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kan ẹ̀ka Yorùbá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan náà ni yóò kọ́ ọmọ ní èdè méjèèjì lọ́la. Èdè-ìperí kò sì wọ́n mọ́ láti ìgbà tí apá kìíní *Èdè-Ìperí Yorùbá* ti jáde ní 1984, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, àti apá kejì ní 1990, lábẹ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Wákàtí kan péré tí ẹ̀ka méjèèjì bá jọ lò ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ "Wọ́n jẹ́ kí wọ́n jókòó" sójú pátákó, kí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọ̀nà tí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ẹni tí "wọ́n" kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan.