Ọ̀NÀ MÉJÌ SÍ IṢẸ́ LỌ́YÀ

Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú. Bàbá ní dandan, òfin ni ọmọ òun yóò kà. Yunifásítì ní kò sí àyè. Ọmọ yóò wá jókòó sílé lọ́dún kan, lọ́dún kejì, nígbà mìíràn títí di ọdún kẹta, tí yóò máa tún ìdánwò kan ṣoṣo ṣe. Àwa kò rí ọgbọ́n kankan nínú èyí.

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ẹni tí ó bá ti ilé-ìwé girama wọlé yóò fi ọdún márùn-ún kàwé kí ó tó gba oyè òfin. Ẹni tí ó bá ti ní oyè mìíràn lè gba ọ̀nà Direct Entry, ọdún mẹ́rin sì ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì yóò tún lo bí ọdún kan ní Law School tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1962.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ti ẹni àkọ́kọ́. Bí oyè ìṣáájú ẹnì kejì bá gba ọdún mẹ́rin, mẹ́sàn-án ni tirẹ̀, láìka ọdún àgùnbánirọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá rí àyè, tí ó sì mọ ohun tí ó ń fẹ́, kí ó gba ọ̀nà tààrà, pàápàá níbi tí ó jẹ́ pé owó kòkó tàbí owó oṣù olùkọ́ ni a fi ń san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí i, ìtàn tàbí ètò ọrọ̀-ajé sàn fún un ju ìjókòó lásán lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀nà kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ̀ pé olùkọ́ ni ó ti jẹ́ rí, pé ó ti ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó sì ti ṣòwò. Ilé ni ó ti kàwé gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kí ó tó lọ kọ́ òfin ní Ìlú Ọba. Ẹni ọdún 37 ni nígbà tí ó di lọ́yà ní 1946.

Ohun tí kò tẹ́ wa lọ́rùn ni pé ọdún kan péré ni a ń yọ fún ẹni tí ó ti gboyè. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń kọ́ òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yunifásítì kan ń fi ọdún méjì ṣe é. Òótọ́ ni pé òfin tiwa gbòòrò, nítorí àṣà ìbílẹ̀ àti ọ̀ràn ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àgbàlagbà tí ó ti kàwé gboyè rí kò nílò ẹni tí yóò tún kọ́ ọ bí a ṣe ń kàwé. Ọdún mẹ́ta tó. Kí Council of Legal Education àti NUC jókòó lé e lórí.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́ tí ọ̀ràn yìí kàn, ẹ yẹ ìwé ẹ̀rí WAEC yín wò lónìí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni yóò béèrè kírẹ́díìtì nínú Lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ tilẹ̀ ti gboyè nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó tètè lọ forúkọ sílẹ̀ láti ṣe é.