Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Lórí Àwọn Eléré Badminton Ẹlẹ́ni-Méjì

Sí Mallam Shehu Dikko, Alága Àjọ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà; sí Ọlọ́lá Bukola Olopade, Ọ̀gá Àgbà àjọ náà; àti sí ẹ̀yin gómìnà wa gbogbo.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, a mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ tó wà níwájú yín kò kéré, a sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lè jẹ gbogbo owó tó wà nílẹ̀ kó má yó. Eré tí a torí rẹ̀ kọ̀wé yìí kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Badminton ni, pàápàá èyí tí ènìyàn méjì ń dúró sí apá kan nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń bá méjì mìíràn figagbága. Ohun kan la wá bẹ̀ yín fún: nígbà tí ẹ bá fẹ́ ran irú eléré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ papọ̀, kí ẹ sì tètè ṣe é.

Ní Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, Nàìjíríà ní ọmọ méjì nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì ti ọkùnrin: Godwin Olofua àti Anuoluwapo Juwon Opeyori. Ẹgbẹ́ méjì-méjì 16 péré ló wà nínú ìdíje náà ní gbogbo àgbáyé, àwọn ọmọ wa sì wà lára wọn. Wọn kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí àwọn tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ ti fi gbogbo ayé wọn ṣe é, ìjọba wọn sì wà lẹ́yìn wọn. Ohun tó dùn wá ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ní Paris 2024, Opeyori tún lọ, Sofiat Arinola Obanishola náà lọ, ṣùgbọ́n ìdíje ẹlẹ́nìkan ni àwọn méjèèjì ṣe. Nínú ìdíje ẹlẹ́ni-méjì, ti ọkùnrin, ti obìnrin, àti ti takọtabo, ẹ kò lè rí orúkọ Nàìjíríà. Àyè tó ti wà lọ́wọ́ wa ló bọ́ yẹn.

A kò wá fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka póìntì, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ badminton àgbáyé, BWF, ní àtẹ kan tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n ń wò sẹ́yìn, ìdíje mẹ́wàá tí eléré ti ṣe dáadáa jù nínú wọn ni wọ́n sì ń rò pọ̀. Ẹni tó bá lọ sí ìdíje mẹ́ta, mẹ́ta náà ni wọn yóò rò fún un. Ẹni tó lọ sí 15 yóò ju márùn-ún tí kò dára nù, yóò mú mẹ́wàá tó kù. Ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba rárá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹlẹ́ni-méjì, ọ̀rọ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí póìntì tí àwọn méjì bá jọ kó, àwọn méjèèjì papọ̀ ló ni ín. Bí ara ọ̀kan kò bá yá, tàbí tí físà rẹ̀ kò jáde, tàbí tí owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti ẹnì kan lọ, ẹnìkejì kò lè dá lọ kó sọ pé òun ń kó póìntì fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá sì pínyà, kálukú yóò wá ẹlòmíràn, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àtẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, nígbà tí owó bá kéré, ọ̀nà ẹlẹ́nìkan ló máa ń kù sílẹ̀ fún ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan, físà kan. Ta ni yóò bá a wí? Ní àwọn ìdíje kéékèèké tí àwọn ọmọ wa ń lọ, ẹ̀bùn owó ibẹ̀ kò pọ̀, àwọn méjì sì ni yóò tún pín in. Ẹni tó bá gba ife-ẹ̀yẹ pàápàá lè padà wálé pẹ̀lú gbèsè.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. Fún Paris 2024, oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka póìntì, ìparí oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n sì dáwọ́ dúró. Òlíńpíìkì fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí di òpin oṣù keje. Bí ìjọba kankan bá wá tú owó sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, tí wọ́n pe oníròyìn jọ, tí wọ́n ya fọ́tò, owó náà kò lè ra póìntì kan ṣoṣo mọ́. Aṣọ àti bàtà ló kù tí wọ́n lè fi rà.

Ẹ fojú inú wo ohun tí àwọn ará Indonéṣíà ṣe fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Greysia Polii. Jakarta ni wọ́n bí i sí ní 1987, eré ẹlẹ́ni-méjì ló sì fi lo ìgbà èwe rẹ̀. Ní Òlíńpíìkì London 2012, òun àti ẹnìkejì rẹ̀, Meiliana Jauhari, wà lára eléré mẹ́jọ tí wọ́n lé kúrò nínú ìdíje. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n lè bá alátakò tó rọrùn pàdé ní ìpele tó kàn. Gbogbo ayé ló wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn òǹwòran ń hó lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni yóò ti gbàgbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sójú títì. Àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fi òun àti Nitya Krishinda Maheswari sọwọ́ ara wọn, àwọn méjèèjì sì gba góòlù ìdíje ilẹ̀ Éṣíà ní Incheon ní 2014.

Lẹ́yìn Rio 2016, Nitya ṣèṣe ní orúnkún. Greysia ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti ń rò ó pé kí òun fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kóòṣì rẹ̀, Eng Hian, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró díẹ̀, kó tọ́ àwọn ọmọdé sọ́nà. Ọ̀kan nínú wọn ni Apriyani Rahayu, ọmọ Konawe ní erékùṣù Sulawesi, tí wọ́n bí ní 1998. Greysia fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ní 2017 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì gba ife French Open. Wọ́n gba idẹ nínú ìdíje àgbáyé ní 2018, wọ́n tún gba idẹ ní 2019. Ní gbogbo àkókò yìí, ibùdó orílẹ̀-èdè wọn ní Cipayung, ní ìlà-oòrùn Jakarta, ni wọ́n ń gbé tí wọ́n sì ti ń kọ́ṣẹ́, wọ́n jọ ń jí, wọ́n jọ ń jẹun, kóòṣì kan náà ló ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kí Greysia lọ fi owó ara rẹ̀ wá ẹnìkejì.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 2021, wọ́n bá Chen Qingchen àti Jia Yifan ti China pàdé ní àṣekágbá Òlíńpíìkì Tokyo. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè nígbà tí okùn rákẹ́ẹ̀tì Greysia já. Ó sáré lọ mú òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ kóòtù, Apriyani sì dá gbogbo ibẹ̀ dúró títí ó fi padà. Ẹ wá a wò tí ẹ bá ráyè, ẹ ó rí ohun tí ọdún mẹ́rin ń rà fún ènìyàn méjì: kò pè é, kò wẹ̀yìn, ó kàn mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò gbà wọlé. Wọ́n borí ní 21–19, 21–15. Indonéṣíà kò gba góòlù Òlíńpíìkì nínú ẹlẹ́ni-méjì ti obìnrin rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Ìjọba wọn fún Greysia ní owó tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún rúpíà, iye kan náà ni wọ́n sì fún Apriyani. Ọmọdé kò gba ààbọ̀ ti àgbà.

A mọ̀ pé Nàìjíríà kì í ṣe Indonéṣíà. Badminton lọ́hùn-ún dà bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́ Cipayung lọ́la. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára yín lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá Ẹgbẹ́ Badminton Nàìjíríà jókòó, kí wọ́n fún yín ní orúkọ ẹgbẹ́ méjì-méjì mélòó kan, ọkùnrin, obìnrin àti takọtabo, kí ẹ sì san owó ìdíje mẹ́wàá fún wọn lọ́dọọdún, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láti ọjọ́ kìíní tí kíka póìntì bá bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé físà wọn ti ọ́fíìsì yín jáde pọ̀, kí ó má di pé ọ̀kan wà ní pápákọ̀ òfuurufú tí ẹnìkejì ṣì ń tò níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú. Bí ọ̀kan bá ṣèṣe, ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹ bá a wá ẹlòmíràn, kí ẹ sì fún wọn ní àyè láti mọ ara wọn.

Ẹ tún bá wa wo ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn àti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje ńlá, ìyẹ́ 16 ló wà lára rẹ̀, kò sì wúwo ju gíráàmù márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Atẹ́gùn kékeré láti ojú fèrèsé ti tó láti gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Nínú eré ẹlẹ́ni-méjì, wọn a máa lù ú kíkankíkan tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń ya kíákíá. Ní 2023, wọ́n wọn èyí tí Satwiksairaj Rankireddy ti Íńdíà gbá nígbà àyẹ̀wò kan, ó sáré ní kìlómítà 565 láàárín wákàtí kan. Ọmọ tó ń fi bọ́ọ̀lù oníke kọ́ṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò tíì pàdé eré yìí. Ilẹ̀ òkèèrè ni bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á, nítorí náà a ń bẹ̀ yín kí ẹ bá wa dín owó ẹnubodè rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀bẹ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ ti fi ìdíje Lagos International tí ẹ ṣe ní gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas ní Sùúrùlérè hàn wá pé ayé lè wá bá wa nílé. Ọmọ wa tó bá gbá eré níbẹ̀ kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò tọrọ físà, póìntì tó sì gbà jẹ́ póìntì. Ẹ má jẹ́ kó kú. Ìpínlẹ̀ Ògùn tó gbàlejò ìdíje eré ìdárayá orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Gateway ní 2025 lè ṣe irú rẹ̀. Port Harcourt náà ti gba ìdíje badminton Áfíríkà lálejò rí, ní 2019.

Ìdí tí a fi ń kánjú ni pé ìdíje Commonwealth ti Glasgow 2026 ti yọ badminton kúrò nínú eré rẹ̀. Ọ̀nà kan dí mọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn. Èyí tó kù níwájú ni ìdíje Áfíríkà ní Íjíbítì ní 2027 àti Òlíńpíìkì Los Angeles ní 2028.

Ní 2025, nígbà tí àwọn obìnrin wa, Super Falcons ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti D'Tigress ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, gba ife Áfíríkà, Ààrẹ ṣèlérí owó tó tó 100,000 dọ́là àti ilé fún eléré kọ̀ọ̀kan. A bá wọn yọ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ fún un. Eniola Bolaji náà ṣiṣẹ́: ní Paralympics Paris 2024, ó gba idẹ, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ badminton níbẹ̀. Ọmọ yìí ti fi hàn pé rákẹ́ẹ̀tì lè mú àmì-ẹ̀yẹ wálé. Èyí tó dára ni kí ìrànlọ́wọ́ ṣáájú àmì-ẹ̀yẹ, kì í ṣe kí ó tẹ̀ lé e nìkan.

Ẹ dákun, ẹ fi owó àwọn méjì-méjì yìí sínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí kíka póìntì Los Angeles tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ọmọ yín, olólùfẹ́ eré badminton.